Bàbá Tó Ń Fi Eyín Gbọ́ Ohùn Ẹ̀rọ

Níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ Bàbá wa, ààfáà tó ṣe wáàsí sọ pé ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn sinmi ni olóògbé, pé wọ́n fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n sì jókòó sílé jẹ èrè òógùn wọn. Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi ò ṣe é. Mo wo ọ̀dọ̀ Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, mo rí i pé wọ́n ti fi ìborùn bo ẹnu. Ẹ̀rín ló ń pa wọ́n nínú ọ̀fọ̀. Mi ò bá ààfáà jà. Ìwó ni wọ́n ti wá, wọn ò mọ Bàbá rí, ohun tí ẹnìkan sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n gbé sórí. Àmọ́ irọ́ tí wọ́n bá pa mọ́ òkú máa ń dùn mí, nítorí òkú ò lẹ́nu tó máa fi já a. Mo wá jókòó ti ìwé yìí kí inú tó ń bí mi tó rọ̀.

Bàbá ò sinmi rí. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé wọn ní Òkè Gàdà, ní Ẹdẹ, ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún mẹ́rìnlá tí wọ́n fi wà nílé lẹ́yìn iṣẹ́ ìjọba, mi ò rí i kí wọ́n jókòó sórí àga kan títí oúnjẹ fi tutù. Wọ́n á dìde wo ilẹ̀kùn. Wọ́n á tú àgádágodo tí kò ṣe nǹkan kan, wọ́n á fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, wọ́n á tò ó padà, irin kékeré kan á ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn, ilẹ̀kùn ò sì ní tì mọ́. Wọ́n tú sítóòfù Màmá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan, títí Màmá fi ń gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń sá fún olè.

"Bàbá Súràjù," ni Màmá wí lọ́jọ́ kan (Súràjù ni bàbá mi), "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibì kan jókòó sí nínú ilé yìí."

"Ibo ni kí n jókòó sí? Gbogbo ibẹ̀ ló ń rùn bí ilé arúgbó."

"Ta wá ni arúgbó ibẹ̀?"

"Ìwọ ni." Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n jáde.

Wọ́n gbìyànjú oko. Ìdílé wa ní ilẹ̀ díẹ̀ ní Alájùé, gbogbo èèyàn sì ń sọ nígbà náà pé kí ẹni tí ìjọba bá lé padà sóko, bí ẹni pé oko ti ń retí onítọ̀hún láti àárọ̀. Bàbá gbin ẹ̀gẹ́. Wọ́n lo òjò kan ṣoṣo níbẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Ẹ̀gẹ́ ò lóhùn. Wàá tọ́jú ẹ̀ títí, kò ní sọ fún ẹ pé ara òun ò yá."

Ohun tó wá gbà wọ́n lọ́wọ́ ìjókòó ni àwọn ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin Sẹ̀kọ̀nà fi ń lọ ẹ̀gẹ́ àti ata. Bí ẹ̀rọ ẹnìkan bá ń ṣe ségesège, wọ́n á ránṣẹ́ sí Bàbá, Bàbá á gun kẹ̀kẹ́ lọ. Wọ́n á ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ. Wọ́n á yọ ọ̀pá irin kan tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ jáde nínú àpò, wọ́n á fi orí rẹ̀ kan ti ara ẹ̀rọ, wọ́n á fi eyín di orí kejì mú, wọ́n á dijú. Àwọn èèyàn á kóra jọ wòran. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀rọ tí mo fi ń jẹun lẹ fẹ́ jẹ ni?" Bàbá gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́, bí ẹni pé àwọn gbọ́ ohun tó sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ ọ̀pá lẹ́nu, wọ́n á nù ún, wọ́n á tọ́ka sí ibi tí àìsàn wà, ibẹ̀ náà ni yóò sì jẹ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, eyín iwájú jábọ́, wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Tọ̀tún jábọ́, wọ́n bọ́ sí òsì. Nígbà tó ku ọ̀kan ṣoṣo tó dúró gírí, mo ní, "Bàbá, ó tó gẹ́ẹ́." Wọ́n wo ètè mi dáadáa kí wọ́n tó dáhùn, nítorí ètè èèyàn ni wọ́n fi ń mọ ọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Wọ́n ní, "Bí ọ̀kan bá ṣì kù, mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀pá irin ṣe dé ẹnu, torí etí ni ààyè rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ilé iṣẹ́ omi tó wà létí odò Ọ̀ṣun ni Bàbá ti ṣiṣẹ́, ó tó ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀rọ ńlá méjì ló ń fa omi odò lọ sínú táǹkì tó ń pín in fún ìlú. Bàbá ń pe èyí tó pẹ́ níbẹ̀ ní Ìyálé, wọ́n ń pe tuntun ní Ìyàwó. Màmá ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Òpérétọ̀ ni Bàbá: kí wọ́n tan ẹ̀rọ, kí wọ́n pa á, kí wọ́n rọ òróró sí i, kí wọ́n sì máa tẹ́tí sí i. Wọ́n á fi orí ọ̀pá irin kan ti ara ẹ̀rọ, wọ́n á fi èkejì ti eegun ẹ̀yìn etí, wọ́n á sì mọ ohun tó ń ṣe inú. Ẹnjiníà kan ti Ìbàdàn wá rí, ó gbé àwọn ohun èlò rẹ̀ lé Ìyálé lára, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Bàbá ní ọjọ́ mẹ́ta ló kù fún un. Ọjọ́ kẹta pé, Ìyálé dákẹ́. Bùrọ̀dá Múfútàù, tí wọ́n jọ máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ pa pọ̀, ló sọ ìtàn náà fún mi. Bàbá fúnra wọn ò fẹ̀ lórí rẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ó lè purọ́ fún ẹnjiníà, kò lè purọ́ fún mi."

Ìjà tí kò tán láàárín Bàbá àti àbúrò wọn, Bàbá Rájí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni. Ọdún tí àrùn lúkúlúkú jà, tí èèyàn ń kú bí adìẹ, ni ìyá wọn bí Bàbá. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bí Bàbá Rájí. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú ilé. Àmọ́ nígbà tí Bàbá fi oko kòkó sílẹ̀ wá iṣẹ́ omi, wọ́n ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, ọ̀dọ́ ni wọ́n sì ń gbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn kan bá lọ sí kóòtù lọ búra, ó bu ọdún mẹ́wàá kúrò lórí ọjọ́ orí Bàbá bí ẹni bu omi kúrò nínú àmù. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rántí ni pé Bàbá Rájí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ọjọ́ orí wọn gan-an ni wọ́n sì fi wọlé síbẹ̀. Bí ìwé ṣe sọ àbúrò di ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni Bàbá Rájí fi ju ẹni tó pọ̀n wọ́n dàgbà lọ.

Aláwàdà èèyàn ni Bàbá Rájí, wọn ò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, wọ́n á yà nílé wa, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wúkọ́. "Làmídì, ṣé o ò rí ẹ̀gbọ́n ẹ ni? Dọ̀bálẹ̀ jàre." Bàbá á wá bàtà jù lù wọ́n. Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín títí, Bàbá á wá ní, "Ìwé lè gbé ọ ga, kò lè bí ọ ṣáájú mi."

Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kúrò ní àwàdà. Lójoojúmọ́ ni rédíò ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́. Èèyàn á jí lọ síbi iṣẹ́, kó tó débẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ á ti gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́. A ń tò lórí ìlà ra mílíìkì àti ọṣẹ, sójà dúró tì wá pẹ̀lú kòbókò. Bàbá mi, Súràjù, jẹ́ tíṣà ní Òṣogbo. Wọ́n lé e pẹ̀lú ọ̀pọ̀ tíṣà mìíràn, ó gba Èkó lọ wá iṣẹ́, a ò sì gbúròó rẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Owó oṣù Bàbá nìkan ló ń wọlé fún wa. Òun ni gàrí, òun ni owó ilé ìwé mi, èmi tí mo wà ní kíláàsì kẹta nílé ẹ̀kọ́ girama, tí mo ti sọ fún gbogbo ayé pé nọ́ọ̀sì ni màá ṣe. Ìwé ní ó ku ọdún mẹ́rin kí Bàbá pé ọgọ́ta tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹ̀yìn tì. Bàbá sì ti fi ọdún mẹ́fà kọjá ọgọ́ta.

Ìgbà ọlidé ni mo mọ̀ nípa etí wọn. Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún wọn. Mo wọlé lọ́jọ́ kan, mo bá wọn lẹ́yìn Ìyálé, wọ́n fi eyín di ọ̀pá irin mú. Mo kí wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn ò yíjú. Ìgbà tí òjìji mi bo ẹ̀rọ ni wọ́n tó ta gìrì. Ojú tì wọ́n, ojú sì ti èmi náà, bí ẹni ká èèyàn mọ́ ilé ìwẹ̀. Wọ́n fà mí lọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ní etí ọ̀tún ti di láti ìgbà ọyẹ́, pé tòsì ń tẹ̀lé e bọ̀. Ariwo ẹ̀rọ ló jẹ ẹ́. Wọ́n ní bí àwọn bá fi eyín di ọ̀pá mú, àwọn ń gbọ́ ọ ketekete nínú agbárí.

"Eyín náà ń gbọ́ràn," ni wọ́n wí. "Ọdún mẹ́rin péré ni, Àbẹ̀kẹ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo gbà. Kí ni mi ò ní gbà? Nílé, bí Màmá bá sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn, èmi ni mo ń yára dáhùn kí wọ́n má baà fura. Lójú ọ̀nà, mo ń fa ẹ̀wù Bàbá bí ọkọ̀ bá ń bọ̀. Wọ́n kọ́ láti máa mi orí sí gbogbo ohun tí èèyàn bá bi wọ́n, wọ́n á fi ẹ̀rín díẹ̀ kún un, àwọn èèyàn sì gbà pé àgbà ló ń mú wọn dákẹ́. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ mi, kí n má purọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, mo sì rò pé èmi ni mo gbé ilé wa dúró.

Àmọ́ eyín ò lè wà lára ẹ̀rọ látàárọ̀ dalẹ́. Bí wọ́n bá ti yọ ọ̀pá lẹ́nu, ayé dákẹ́ fún wọn nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ti rọ̀ títí, odò Ọ̀ṣun kún, koríko àti ẹ̀ka igi wá dí ẹnu ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi. Bùrọ̀dá Múfútàù lọ sísàlẹ̀ lọ kó o kúrò. Ìyálé ló ń ṣiṣẹ́, orúkọ Bùrọ̀dá Múfútàù ló sì wà nínú ìwé fún un lọ́sàn-án yẹn. Ó ní kí Bàbá bá òun máa wò ó. Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ńlá ti dé láàárọ̀, òun ló máa kọ orúkọ àwọn tí wọ́n máa dá dúró. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yẹ ìwé iṣẹ́ wò. Mo gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá dé. Bàbá fọwọ́, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ń jẹun.

Mo bá gbọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò, ó wá ń le sí i. Mo mọ̀ pé kò dáa. Bí mo bá fọwọ́ tọ́ Bàbá, wọ́n á dìde pa ẹ̀rọ. Àmọ́ ọ̀gá wà níbẹ̀, á rí i pé ọmọdé ló ń bá òpérétọ̀ gbọ́ràn. Mo jókòó bí òkúta. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ, ó gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, ṣé bó ṣe máa ń dún nìyí?" Bàbá kàn mi orí. Wọ́n fi ẹ̀rín díẹ̀ kún un. Ọkàn ọ̀gá balẹ̀, ó padà sídìí ìwé rẹ̀. Ta ni yóò bá Làmídì jiyàn lórí ẹ̀rọ? Bàbá bu òkèlè, wọ́n gbé e mì.

Èéfín ló lé Bùrọ̀dá Múfútàù wọlé. Ó sáré pa ẹ̀rọ, ó ti pẹ́ jù. Bíárìnì, irin róbótó tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, ti jóná, ó sì ti ba ọ̀pá náà jẹ́. Láyé ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè rí irú irin bẹ́ẹ̀ rà láti òkè òkun. Agbára Ìyàwó nìkan ò ká ìlú. Àwọn obìnrin padà sídìí kànga, àwọn mìíràn sì ń pọn omi odò.

Ọ̀gá náà ò lè kọ ọ́ sínú ìwé pé òun jókòó níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń jóná. Ó kọ ọ́ pé Múfútàù fi ẹ̀rọ ìjọba sílẹ̀ rìn lọ. Wọ́n ní kó wá jẹ́jọ́ ní Òṣogbo níwájú ìgbìmọ̀ kan tí sójà jẹ́ olórí rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ̀bi níbẹ̀, iṣẹ́ lọ, owó ìfẹ̀yìntì lọ, wọ́n sì lè tì í mọ́lé pé ó ba nǹkan ìjọba jẹ́. Bùrọ̀dá Múfútàù wá sílé wa. Ọmọ márùn-ún ló ní, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìkẹyìn. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, ó ní, "Bàbá, mo fi í sílẹ̀ fún yín. Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni?" Bàbá wo ètè rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò mi orí.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Bàbá fi rìn. Wọ́n á rìn dé ibùdó rélùwéè, wọ́n á rìn dé odò, wọ́n á padà wálé, wọ́n á tún jáde. Oúnjẹ ò wọnú wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n pe èmi àti Màmá, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ etí fún Màmá. Wọ́n ní àwọn ń lọ sí Òṣogbo lọ sọ pé àwọn ni àwọn jókòó ti ẹ̀rọ, pé etí ti di, pé ọjọ́ orí inú ìwé kì í ṣe òótọ́.

"Ẹ̀yin," ni Màmá wí, "ẹ fẹ́ kí sójà tì yín mọ́lé lọ́jọ́ ogbó? Súràjù ò níṣẹ́. Kí la máa jẹ?"

Èmi ni mo pariwo rẹ̀ sí Bàbá létí òsì. Wọ́n dáhùn pé, "Ohun tí ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ Múfútàù máa jẹ."

Màmá dìde, wọ́n bínú wọ yàrá. Èmi náà bínú. Inú bí mi débi pé mo sọ pé mi ò ní tẹ̀ lé wọn lọ, kí wọ́n wá etí mìíràn. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ni mo ní?" Mo wọ bàtà.

Bàbá Rájí náà tẹ̀ lé wa. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, sójà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, akọ̀wé kan tó ti hewú lórí ń sọ ọ́ di Yorùbá, èmi ń pariwo rẹ̀ sétí Bàbá. Bàbá sọ ti ẹ̀rọ, wọ́n sọ ti etí, wọ́n sọ ti ọjọ́ orí. Sójà náà gbọ́ ọ tán, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé kóòtù wà lọ́wọ́ òun, pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni ọkùnrin yìí, kò tíì dàgbà tó ẹni tí etí rẹ̀ ń di. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lè ṣe bí adití. Ọ̀gá tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà sì wà níbẹ̀, ó ní Bàbá gbọ́ràn dáadáa, òun bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n dá òun lóhùn.

Bàbá Rájí dìde. Wọ́n ní àwọn ni àbúrò Làmídì, ìyá kan, bàbá kan, kí wọ́n wo ìwé ìfẹ̀yìntì àwọn láti rélùwéè, bí àwọn bá ti pé ọgọ́ta ọdún, ẹ̀gbọ́n àwọn ń kọ́? Akọ̀wé gba ìwé méjèèjì, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Sójà wò ó. Oríṣìíríṣìí ojú ni mo ti rí láyé, mi ò tíì rí irú èyí tó yí sí wa lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ìwé yìí sọ pé Rájí ni ẹ̀gbọ́n. Ó ní irọ́ ni àwọn méjèèjì ń pa, kí wọ́n mú wọn lọ.

Ọlọ́pàá ti ń bọ̀ nígbà tí Bàbá Rájí bọ́ fìlà. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀. Wọ́n bọ́ sí iwájú Bàbá, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, àyà kan ilẹ̀, iwájú orí kan ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi," ni wọ́n wí. Wọn ò dìde.

Akọ̀wé fi gègé rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́jẹ́, mo sì gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní, sà, ní ilẹ̀ wa níbí, ẹ lè fi ìbọn ti èèyàn lórí, kò ní dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní kóòtù lè ṣàṣìṣe, àmọ́ eléyìí kò lè ṣe é. Sójà náà wo Bàbá Rájí lórí ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó fọwọ́ ra ojú, ó kọ̀wé. Nígbà tí mo wo Bàbá, omijé ti dé irùngbọ̀n wọn.

Wọn ò ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. Bùrọ̀dá Múfútàù padà sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sí ìwé ọpẹ́, kò sí àga tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ, wọ́n ní wọ́n á máa wo ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Ó pẹ́ kí wọ́n tó wò ó tán. Èmi fi ilé ìwé sílẹ̀ fún ọdún méjì, mo ń ta iyọ̀ ní Ọjà Tìmì, nọ́ọ̀sì yẹn ò sì ṣeé ṣe mọ́. Tíṣà ni mo padà dà. Níta gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn, Bàbá Rájí ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ funfun wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Mi ò ní rí ẹni tí màá máa dá lápàrà mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ kà á débí, ó ku ohun kan. Nígbà tí ọkọ̀ já wa sílẹ̀ ní Ẹdẹ, Bàbá Rájí gba ilé wọn lọ, èmi àti Bàbá ń rìn bọ̀ wálé. Mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan kiri láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti jóná. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, àmọ́ etí Bàbá ò gba kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo dúró láàárín títì, mo pariwo rẹ̀ pé, "Bàbá, mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ kó tó jóná. Mi ò fọwọ́ tọ́ yín." Àwọn èèyàn ń yíjú wò wá. Mo ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Bàbá dúró. Wọ́n wo ojú ọ̀nà, wọ́n wò mí. "Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ojú ẹ ni mo ń wò lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i lójú ẹ pé Ìyálé ń kú. Mo ti mọ̀ kí ọ̀gá yẹn tó la ẹnu. Mo ní kí n mi orí fún un, bóyá á kúrò níbẹ̀, kí n wá dìde. Kò kúrò. Mo tún bu òkèlè." Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú mi, ọwọ́ tó ń rùn dísù ẹ̀rọ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n. "Ẹ̀rù ló bà mí, Àbẹ̀kẹ́. Mi ò mọ ohun tí màá dà bí mi ò bá lọ síbẹ̀ mọ́." A rìn díẹ̀. Wọ́n ní kí n má ṣe sọ èyí fún Màmá láéláé, pé kí Màmá máa rò pé àwọn ò gbọ́ ni.

Mi ò sọ ọ́. Màmá ò mọ̀wé kà. Bí ẹ bá ń ka èyí sí wọn létí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo ibí yìí.